Ìyá Ràímì Tú Okùn Ẹ̀rọ Ìṣirò Mi

Ìyá Ràímì, tó ń ti ìlú Àjàrá wá gbálẹ̀ bùró, ibi iṣẹ́ wa, tú iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta mi ká láàárọ̀ yìí.

Okùn iná tí a bá kì bọ ihò ara pátákó ẹ̀rọ ìṣirò wa ló ń pinnu ohun tó máa ṣírò. Bí a bá tún un tò, ìṣirò mìíràn nìyẹn. Mo ti tò ó kó lè fi hàn wá bí afárá tuntun orí ọ̀sà yóò ṣe máa mì, ẹ̀rọ sì ti fa ìlà rẹ̀ sórí ìwé lánàá.

Ìyá yọ gbogbo rẹ̀, ó sì nu pátákó náà.

Mo pariwo mọ́ ọn níṣojú gbogbo èèyàn.

"Ẹ má bínú, Músíè, ọ̀gá mi. Mo rò pé ẹ ti ṣe tán ni."

Mo tún okùn tò láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìlà tí ẹ̀rọ fà sórí ìwé yàtọ̀ sí tàná. Mo wo àkọsílẹ̀ mi: àṣé lákọ̀ọ́kọ́ mo ti ki okùn kan bọ ihò tí kì í ṣe tirẹ̀! Ọ̀sán yìí ni ǹ bá sì fi èsì àṣìṣe ọ̀hún ránṣẹ́ sáwọn tó ń kọ́ afárá.

Mo lọ dọ̀bálẹ̀ fún Ìyá. Ó rẹ́rìn-ín.

"Dìde, ọmọ mi. Ṣé kí n máa tú u lójoojúmọ́ ni?"

Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin ńkọ́, kí lẹ̀ bá sọ?