Ẹ Má Pè É Ní Oògùn Mọ́

Ó wá dojú àlá o, Ẹ̀gbọ́n mi, Bàbá Ràṣídì! Ilé kún lónìí, ẹ̀yin nìkan ni a ò rí.

Èmi àbúrò yín ni wọ́n ní kí n kọ ọ̀rọ̀ yìí. Ilé-ẹ̀kọ́ girama ni mo kà mọ. Àwọn tó mọ̀wé kọ jù mí lọ pọ̀ nínú ẹbí. Ṣùgbọ́n èmi ni mo bá yín roko pẹ́ jù.

Ẹ̀yin tí ẹ lo ìgbà ọ̀dọ́ yín létí òkun l'Ékòó, tí ẹ ń fi ọṣẹ fọ epo rọ̀bì kúrò lára ẹyẹ òkun. Àwọn ará ilé a máa fi yín ṣe yẹ̀yẹ́ pé ṣé adìyẹ tán nílé ni. Ẹ ó kàn rẹ́rìn-ín, ẹ ó ní májèlé tó kéré nínú ẹja kan, inú ẹyẹ tó jẹ ọ̀pọ̀ ẹja ló ń kó jọ sí, títí èèpo ẹyin rẹ̀ á fi fẹ́lẹ́. Ìyá á sàba lé e, á fọ́.

Nígbà tí ẹ padà sí Ọ̀mù-Àrán, ẹ bá wa níbi tí a ti ń ṣan táńkì ìfín-koríko sínú odò. Lékeléke ń kú sétí omi. A ní oògùn koríko ló wà nínú táńkì. Ẹ ní, "Oògùn? Ta ni ara rẹ̀ ò yá nínú oko? Ẹ má pè é ní oògùn mọ́. Ẹni tó bá gbọ́ oògùn á fi ike rẹ̀ pọnmi fọ́mọ mu. Májèlé ni." Bí wọ́n ṣe sọ yín ní Bàbá Májèlé nìyẹn, ẹ̀yin tí ẹ ò lè wo ẹran Iléyá lójú tí wọ́n bá fẹ́ dú u.

Etí odò tiwa, ẹ ò jẹ́ ká fín in. Ọkọ́ lẹ fi ń ro ó. Lékeléke padà dé, wọ́n ń ṣa tata jẹ, wọ́n ń tẹ̀lé yín lẹ́yìn bí ọmọ kéwú ṣe ń tẹ̀lé áfáà.

Ilẹ̀ yẹn ti bọ́ sọ́wọ́ mi báyìí, koríko sì ti dé orúnkún. Àwọn afínkoríko ti bi mí bóyá káwọn fín in dé etí omi lẹ́yìn àdúà fídáù. Ẹ mọ̀ mí. Ẹ̀yìn ń dùn mí, mi ò lẹ́nu bíi tiyín, kì í sì í pẹ́ kí wọ́n tó yí mi lọ́kàn padà.

Ìdí nìyí tí mo fi kọ ọ́ síbí, sínú ìwé ètò fídáù yìí tí gbogbo ẹbí àti ará àdúgbò máa mú lọ sílé: a ò ní fín etí odò yẹn. Ẹni tó bá rí mi níbẹ̀ tí mo gbé táńkì kọ́ ẹ̀yìn, kó ka ibí yìí sí mi létí.

Kí Ọlọ́run fi Àlùjánnà kẹ́ yín. Ẹ sùn re o, Ẹ̀gbọ́n mi.