Bí Gudrun Onídùùrù Ṣe Fẹsẹ̀ Ara Rẹ̀ Gun Òkè Ìlú

Gudrun Vestby, ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin, ti padà gun Òkè Ìlú ní Tẹsalóníkà, nílẹ̀ Gíríìsì. Ọjọ́bọ̀ tó kọjá ló gùn ún, láti etí òkun títí dé ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀ lábẹ́ odi àtijọ́, láìwọ takisí, láìwọ bọ́ọ̀sì, láìlo ọ̀pá. Láti ọjọ́ náà, àwa tí a ń gbé àdúgbò yìí kò tíì sọ ọ̀rọ̀ mìíràn.

Ọmọ ilẹ̀ Nọ́wè ni. Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n sẹ́yìn ló wá tún àwọn dùùrù ilé ẹ̀kọ́ orin kan ṣe, oṣù mẹ́ta péré ló sì ní òun yóò lò. Nígbà tí iṣẹ́ náà parí, àwọn òbí akẹ́kọ̀ọ́ ní kó wá wo dùùrù tiwọn nílé. Ẹsẹ̀ ló fi ń lọ sí gbogbo ilé wọ̀nyí, àpò irinṣẹ́ léjìká. Bó ṣe mọ ìlú nìyẹn. Ó fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n ìrìn náà kò dúró. Láràárọ̀ yóò sọ̀ kalẹ̀ wá sétí òkun, yóò gba afẹ́fẹ́ díẹ̀, yóò gba àárín ọjà kọjá níbi tí àwọn ẹlẹ́ja ti ń pariwo mọ́ ara wọn, yóò sì padà gòkè kí oòrùn tó mú. Ó mọ ògiri tí àwọn ológbò ń sùn lé. Ó mọ ilé tí òórùn kọfí ti ń kọ́kọ́ jáde láàárọ̀. Ó sọ fún mi rí pé, níbi tí wọ́n bí òun sí, bí ènìyàn bá ń rìn láìníbi tó ń lọ, wọ́n á bi í bóyá ó sọnù ni.

Ní oṣù kìíní ọdún yìí, òjò rọ̀, ó yọ̀ ṣubú lórí àtẹ̀gùn òkúta tó lọ sí ilé rẹ̀, egungun ìbàdí rẹ̀ sì kán. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un. Oṣù bí mélòó kan ló fi ń wo òkun láti ojú fèrèsé. Àbúrò rẹ̀, Solveig, ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta, ti Nọ́wè wá láti tọ́jú rẹ̀. Solveig kì í ṣe ènìyàn burúkú, àmọ́ ó ka àtẹ̀gùn náà, ó jẹ́ mẹ́tàdínláàádọ́rùn-ún. Ó ní kí ẹ̀gbọ́n òun ta ilé, kí wọ́n jọ padà síbi tí ilẹ̀ ti tẹ́jú.

Gudrun ní, “Bí mo bá fẹsẹ̀ rìn láti Ilé Ìṣọ́ Funfun létí òkun dé ẹnu ọ̀nà yìí láàárín wákàtí méjì, mi ò lọ síbì kankan.”

“Bí ẹ ò bá lè rìn ín ńkọ́?”

“Kí a ta ilé nìyẹn.”

Kó tó ṣubú, kì í gbà á tó wákàtí kan. Ó wá bẹ àbúrò rẹ̀ pé kó má sọ àdéhùn náà fún ẹnikẹ́ni, nítorí kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni káàánú òun. Ibẹ̀ ló ti ṣi ọ̀rọ̀ náà ṣe.

Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, takisí gbé àwọn méjèèjì dé ẹsẹ̀ Ilé Ìṣọ́ náà. Solveig wo aago ọwọ́ rẹ̀, ó sì bá takisí padà lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé. Gudrun mú ọ̀nà etí òkun pọ̀n. Ẹsẹ̀ náà ń gbọ́ràn. Kò sí ohun tó ṣe é títí ó fi wọ ọjà, tí Anestis, tó ti ń ta búrẹ́dì róbótó oníyànmọ̀tí ní ìkóríta kan náà fún ogójì ọdún, fi rí i.

“Ẹ gbà mí o! Màmá Onídùùrù! Wọ́n ní ẹ ti kú!”

“Ta ló ní mo kú?”

“Èmi ni. Oṣù márùn-ún lẹ ò fi jẹ búrẹ́dì mi, kí ni kí n rò? Ẹ jókòó.”

“Anestis, mò ń kánjú.”

Gbogbo àwọn tó wà nítòsí bú sẹ́rìn-ín. Ẹlẹ́ja kan pariwo pé, “Ẹ gbọ́, ó ń kánjú! Ṣé bàálù ló fẹ́ já yín sílẹ̀ ni, Màmá?”

Kò sí bí ènìyàn ṣe ń kọ ohun tí wọ́n bá fi ṣe é lálejò láàárín wa. Ẹni tó bá kọ̀ ọ́ bú ẹni tó fún un ni, Gudrun sì ti pẹ́ níbí ju kó dán irú rẹ̀ wò lọ. Ó jókòó. Wàràkàṣì dé láti ìsọ̀ kejì, kọfí dé láti òdìkejì. Ogún ìṣẹ́jú lọ níbẹ̀. Ó dìde, kò tíì rìn jìnnà tí ẹlòmíràn fi dì mọ́ ọn, àga mìíràn tún jáde. Bó ṣe ń jẹ ló ń wo aago, àwọn ènìyàn sì rò pé oúnjẹ àwọn ni kò dùn mọ́ ọn, wọ́n bá tún bù sí i.

Nígbà tó fi máa dé ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn, aago mọ́kànlá kù díẹ̀. Ibẹ̀ ni Polyxeni ti ń ta kọfí. Ó ti gbé àga síta, ó sì gbé àwo kékeré kan dání, èèpo ọsàn tí wọ́n fi ṣúgà sè, pẹ̀lú omi tútù.

“Polyxeni, ọmọ mi, jọ̀ọ́, jẹ́ kí n kọjá.”

“Kí ẹ kọjá? Èmi tí mò ń gbé ọbẹ̀ gun òkè wá fún yín ní gbogbo ìgbà òtútù? Ẹ fẹ́ kọjá níwájú mi bí ẹni tí ò mọ̀ mí rí?”

Gudrun jókòó. Ojú rẹ̀ pọ́n. Kò tíì jẹ èèpo náà tán tí Solveig fi sọ̀ kalẹ̀ dé.

“Ẹ̀gbọ́n mi, aago mọ́kànlá ti kọjá. Ẹsẹ̀ yín ò gbé e, àbí?”

Ìgbà yẹn ni Gudrun tó tú ọ̀rọ̀ àdéhùn náà sílẹ̀. Polyxeni ká ọwọ́ lérí.

“Ẹ ń sọ pé èmi ni mo fẹ́ lé yín kúrò nílùú? Pẹ̀lú èèpo ọsàn? Anestis o! Wá gbọ́ ohun tí a ṣe!”

Anestis ti tà tán, ó ń gba ibẹ̀ kọjá lọ sílé. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, ó ṣí fìlà, ó kọjú sí Solveig.

“Màdáámú, kì í ṣe ẹsẹ̀ wọn ló dá wọn dúró. Ẹnu wa ni. Ogún ìṣẹ́jú ni tèmi, ẹ yọ ọ́.”

“Àdéhùn kì í yẹ̀,” ni Solveig fèsì. “Wákàtí méjì la jọ sọ.”

Gudrun gbé àwo sílẹ̀, ó nu ẹnu. “Solveig, ṣé ẹsẹ̀ mi lò ń bẹ̀rù, àbí aago?”

“Ẹsẹ̀ yín ni.”

“Ó dáa. Tẹ̀ lé mi.”

Ó gòkè. Àwa ará àdúgbò tó ti pé jọ tẹ̀ lé e, a ń ka àtẹ̀gùn náà sókè. Níbi tó ti ṣubú, ó dúró, ó fi ẹsẹ̀ tẹ òkúta náà lẹ́ẹ̀mejì bí ẹni ń dán ohùn dùùrù wò, ó sì kọjá. Kò di ẹnikẹ́ni mú. Solveig ló dúró ní àtẹ̀gùn àádọ́ta, ọwọ́ níbàdí.

“Ẹ… ẹ dúró dè mí ná.”

Polyxeni, tó dúró ti ìsọ̀ rẹ̀, pariwo láti ìsàlẹ̀. “Àbúrò! Ṣé kí n gbé àga wá?”

Solveig fẹ́ bínú, ẹ̀rín ló jáde. Nígbà tó fi dókè, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti jókòó sórí òkúta ẹnu ọ̀nà, ó ń wo òkun, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

“Ẹ ní omi?”

“Omi wà nínú ilé,” ni Gudrun wí. “Ilé mi.”

Solveig mu omi náà tán kó tó sọ̀rọ̀. Ó ní ní àdúgbò tòun, bí òun kò bá jáde fún oṣù márùn-ún, kò sẹ́ni tí yóò béèrè. Ó ní kí wọ́n má sọ̀rọ̀ ilé títà mọ́.

Orúkọ Gudrun kò sí lára orúkọ àwọn ẹni mímọ́ tí a máa ń fi ọjọ́ wọn ṣàjọyọ̀ níbí, nítorí náà Ọjọ́ Gbogbo Ẹni Mímọ́, tó máa ń bọ́ sí Ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé Pẹ́ńtíkọ́sì níbí, la fi ṣe tirẹ̀ láti ọdún pípẹ́. Ẹni tó ní ọjọ́ náà ló sì ń ṣe gbogbo ènìyàn lálejò. Solveig ti sún ọjọ́ ìpadàlọ rẹ̀ síwájú kó lè bá wa ṣe é. Ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀ ni àjọyọ̀ náà, níwájú ìsọ̀ Polyxeni, aago mọ́kànlá àárọ̀.