Pálọ̀ Ìyàwó Onígbàjámọ̀

Ẹni tó bá fẹ́ gẹrun ní àdúgbò tuntun, ẹ̀yìnkùlé ilé kẹrìnlá ló ń gbà wọlé. Kò gbọdọ̀ gba iwájú, nítorí òfin àdúgbò ti sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣòwò nínú ilé tí wọ́n fún un láti máa gbé. Yóò kan fèrèsé ilé ìdáná lẹ́ẹ̀mejì, ìyàwó onígbàjámọ̀ yóò ṣílẹ̀kùn fún un pẹ̀lú ojú tó le koko, yóò ní kó nu ẹsẹ̀ rẹ̀ dáadáa, lẹ́yìn náà ni yóò tó bọ́ sí pálọ̀. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ yẹn tàn yín jẹ. Àga kan ṣoṣo ló wà nínú pálọ̀ náà, àga onírin tó ń yí, tó kọjú sí dígí gbọ̀ọ̀rọ̀ kan. Àwọn tí kò tíì kàn ń jókòó lórí àtẹ̀gùn, lórí garawa tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀, níbi tí àyè bá ti gbà wọ́n.

Onígbàjámọ̀ náà ni gbogbo àdúgbò ń pè ní Bàbá Ó-Kù-Díẹ̀. Bí kílípà bá wà lórí èèyàn, tí onítọ̀hún sì béèrè pé ṣé ó ti ń parí lọ, "Ó kù díẹ̀" ni yóò dáhùn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìdajì orí ni kò tíì fọwọ́ kàn. Ọwọ́ rẹ̀ kò yá, ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ dán. Àbùkù kan ṣoṣo ló wà nídìí iṣẹ́ náà: èjìká rẹ̀ ọ̀tún ga ju tòsì lọ, nítorí náà ìlà tó ń fà sí ìpàkọ́ àwọn èèyàn a máa rọ̀ díẹ̀ sápá òsì. Àwọn àgbà ló sì ní ìpàkọ́ onípàkọ́ là ń rí, ẹni ẹlẹ́ni ní í rí tẹni, torí náà kò sẹ́ni tó ráhùn.

Nígbà kan rí, ó ní ṣọ́ọ̀bù gidi ní àárín ìlú, kí wọ́n tó wó gbogbo òpópónà ibẹ̀ torí pé wọ́n fẹ́ fẹ títì. Ọjọ́ tí wọ́n kó wọn wá sí àdúgbò tuntun, òṣìṣẹ́ ètò ilé tẹ́ àwòrán ńlá kan sórí tábìlì: ilé lọ́tùn-ún, ilé lósì, ní ìkóríta sì rèé, ṣọ́ọ̀bù mẹ́jọ tó tò tẹ̀ léra, tí wọ́n kùn ní yẹ́lò. Wọ́n ní ìkẹta láti ọwọ́ ọ̀tún ni ti onígbàjámọ̀. Ó gbé àga onírin rẹ̀ wọ pálọ̀, ó ní kí ìyàwó òun fara dà á, oṣù mẹ́fà péré ni.

Oṣù mẹ́fà náà ti di ọdún mọ́kànlá. Ilé ìfọṣọ ni ìyàwó yìí ti ń ṣiṣẹ́. Orí ìdúró ló ń wà láti àárọ̀ títí iṣẹ́ á fi parí, tó ń lọ aṣọ bẹ́ẹ̀dì tí àwọn ẹlòmíràn á sùn lé, kò sì sí ohun tó ń rò ju kó délé, kó bọ́ bàtà, kó jókòó. Àga tìmùtìmù méjì tó fi owó iṣẹ́ ara rẹ̀ rà wà nínú yàrá, wọ́n nà wọ́n ró sí ara ògiri, aṣọ ló kún orí wọn. Irun wà nínú iyọ̀, ó wà lára ọṣẹ, ó wà nínú búrẹ́dì. Bó bá sì sọ̀rọ̀, ọkọ rẹ̀ á ní kó má bínú, ṣọ́ọ̀bù ń bọ̀, ó kù díẹ̀. Gbólóhùn yẹn ti sú u ju irun tó ń gbá lọ.

Àdúgbò náà sì ń dàgbà. Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n tó onígbàjámọ̀, torí orí ló fi ń kà á: lọ́dún àkọ́kọ́, orí mẹ́fà ló ń gẹ̀ ní Sátidé, nísinsìnyí ó ń tó ọgbọ̀n. Ó ń gẹrun fún àwọn tí wọ́n ń gbé ní márùn-ún márùn-ún nínú yàrá kan, ó mọ̀ pé àìrílé gbé kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwàdà. Àmọ́ ilẹ̀ ìkóríta náà ṣì wà bí wọ́n ṣe fi í sílẹ̀, koríko nìkan ló ń ṣòwò níbẹ̀.

Lọ́dún tó kọjá, ọ́fíìsì ètò ilé fi fọ́ọ̀mù kan ránṣẹ́ sí ojúlé kọ̀ọ̀kan. Níbo ni ẹ ti ń gẹrun? Níbo ni ẹ ti ń ránṣọ? Níbo ni ẹ ti ń tún bàtà ṣe? Bí Bàbá Ó-Kù-Díẹ̀ ti ka ìbéèrè àkọ́kọ́ báyìí, ó gbà pé òun ni wọ́n ń dọdẹ. Kò bọ́ épírọ́ọ̀nù ọrùn rẹ̀ tó fi gbéra, ó ń ti ojúlé kan bọ́ sí òmíràn, ó ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n ṣàánú òun, kí wọ́n kọ ọ́ pé àárín ìlú ni wọ́n ti ń gẹrun. Ó rán wọn létí pé ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Aránṣọ tó wà ní ilé kẹsàn-án, tó ń ránṣọ nínú yàrá rẹ̀, ní kí wọ́n má gbàgbé òun náà. Ẹni tó ń tún bàtà ṣe nínú balùwẹ̀ ní kí wọ́n fi tòun sí i. Ṣé ẹ rí i, àdúgbò tí ìṣọ̀kan wà ni. Ọ̀ọ́dúnrún ojúlé, kò sí ọ̀kan tó da ẹnìkejì rẹ̀: àárín ìlú, àárín ìlú, àárín ìlú. Ìyàwó onígbàjámọ̀ nìkan ló béèrè pé kí ni wọ́n fẹ́ fi fọ́ọ̀mù náà ṣe gan-an. Ọkọ rẹ̀ ní kí ó fi ọ̀rọ̀ ọkùnrin sílẹ̀ fún ọkùnrin.

Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ méjì kí wọ́n ṣe ìpàdé tí mò ń bọ̀ wá sọ, wọ́n lẹ ìwé kan mọ́ òpó iná ní ìkóríta. Onígbàjámọ̀ kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Ìwé náà ní wọ́n ti yí ètò padà, pé ilé ìgbé mẹ́rìndínlógún ni wọ́n máa kọ́ dípò ṣọ́ọ̀bù mẹ́jọ náà, nítorí ìwádìí ti fi hàn pé àwọn ará àdúgbò kò nílò ṣọ́ọ̀bù. Àárín ìlú ni wọ́n ti ń ṣe ohun gbogbo. Ẹni tó bá ní ohun tó fẹ́ sọ, kí ó wá sí gbọ̀ngàn ilé ẹ̀kọ́ ní Ọjọ́bọ̀.

Ìyàwó rẹ̀ ní tirẹ̀ kà á lẹ́ẹ̀kan péré. Ó wo ọkọ rẹ̀ láti òkè délẹ̀, ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá wọn." Kò tún bá a sọ̀rọ̀ títí di ọjọ́ ìpàdé.

Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, bí ọkọ ti ń de okùn bàtà, ni ìyàwó tó la ẹnu.

"Irọ́ yín ló gba ṣọ́ọ̀bù yín lọ. Ẹnu tí ẹ fi pa á, ẹ fi lọ sọ òótọ́."

Ọkọ ní tóun bá jẹ́wọ́, wọ́n lè gba ilé lọ́wọ́ àwọn.

"Kí wọ́n gbà á. Ilé tí mi ò lè jókòó nínú ẹ̀, kí ni mo fẹ́ fi ṣe? Tí ẹ ò bá sọ òótọ́ lónìí, àga onírin yẹn ò ní sun inú pálọ̀ mi mọ́. Ìta ló máa sùn."

Gbọ̀ngàn kún. Ọ̀gá ètò ilé, obìnrin jẹ́ẹ́jẹ́ kan tó wọ gíláàsì, jókòó níwájú pẹ̀lú ìwé àti bírò. Bàbá Ó-Kù-Díẹ̀ dìde. Ó ní kí ọ̀gá má bínú, irọ́ ni àwọn pa nínú fọ́ọ̀mù. Inú pálọ̀ òun ni òun ti ń gẹrun fún gbogbo ọkùnrin tó wà níbẹ̀. Ilé dára, kí wọ́n kọ́ ọ. Àmọ́ kí wọ́n jọ̀ọ́ fi ṣọ́ọ̀bù díẹ̀ sílẹ̀, àní kó jẹ́ ẹyọ kan. Ìgboyà tó gbà á láti sọ gbólóhùn mẹ́rin yẹn, kò tún ní irú ẹ̀ nílé mọ́.

Ibẹ̀ ló yẹ kí ọ̀rọ̀ parí sí, bí kì í bá ṣe ti àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀. Tíṣà àgbà tó ti fẹ̀yìntì, ẹni tó gẹrun lọ́dọ̀ rẹ̀ lánàá òde yìí, dìde, ó sì ṣẹ́jú sí i bíi pé kó fọkàn balẹ̀.

"Ọ̀gá, ẹ má dá a lóhùn. Ara bàbá yìí ò fi bẹ́ẹ̀ yá. Àárín ìlú la ti ń gẹrun."

Aránṣọ ní òun kò rí sísọ́ọ̀sì lọ́wọ́ bàbá yìí rí láyé òun. Ẹni tó ń tún bàtà ṣe ní òun lè búra. Onígbàjámọ̀ ń juwọ́ sí wọn, ó ń bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jọ̀ọ́ má gba òun sílẹ̀ mọ́. Bó ṣe ń bẹ̀ wọ́n ni wọ́n túbọ̀ ń gbà á sílẹ̀. Wọ́n rò pé ẹ̀rù ló ń bà á. Àwọn èèyàn tó fẹ́ràn yín dénú, ẹ ò ṣáà lè lù wọ́n.

Ìyàwó rẹ̀ ló dìde. Àpò kan wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé e síwájú ọ̀gá, ó tú ẹnu rẹ̀: irun tó gbá láti Sátidé dé àárọ̀ ọjọ́ yẹn ni, dúdú, funfun, tọmọdé tàgbà. Tíṣà ní irun kì í sọ orúkọ olówó rẹ̀, ta ló mọ ibi tó ti ṣà á. Obìnrin náà kò bá a jiyàn. Ó kọjú sí gbogbo gbọ̀ngàn.

"Gbogbo ẹ̀yin ọkùnrin, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kẹ̀yìn sí ọ̀gá."

Wọn kò mọ ohun tó fẹ́ ṣe, wọ́n sì kẹ̀yìn. Ọ̀gá ètò ilé bọ́ gíláàsì, ó nù ún, ó tún un wọ̀. Ìpàkọ́ bí àádọ́rin ló tò síwájú rẹ̀, ìlà orí gbogbo wọn ló rọ̀ díẹ̀ sápá òsì. Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀ kó tó mọ̀. Ó ní òun ti rí i, kí wọ́n padà jókòó, ó sì kọ ọ̀rọ̀ púpọ̀ sínú ìwé rẹ̀.

Ìdùnnú ni wọ́n gbé lọ sílé lọ́jọ́ náà. Ìyàwó onígbàjámọ̀ sọ àwọn àga tìmùtìmù rẹ̀ kalẹ̀ nínú yàrá, ó fi burọ́ọ̀ṣì gba eruku ara wọn, ó ti mọ èyí tó máa wà létí fèrèsé. Ọkọ rẹ̀ ń wò ó, inú rẹ̀ ń dùn, ó ń wá orúkọ tó máa kọ sókè ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ Sátidé, lẹ́tà dé. Pálọ̀ kún fọ́fọ́, tíṣà àgbà wà lórí àga, ìdajì orí rẹ̀ ti di gígẹ̀, ìdajì ò tíì di gígẹ̀. Ìyàwó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ti ibi iṣẹ́ dé, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú. Ó ní kí ọkọ òun kà á sókè.

Ọ́fíìsì dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn fún òótọ́ tí wọ́n sọ. Àyẹ̀wò ti fi hàn kedere, lójú ọ̀gá fúnra rẹ̀, pé gbogbo ọkùnrin àdúgbò ló ń rí irun gẹ̀ nínú ilé kẹrìnlá, kò sì sí ẹni tó ráhùn fún ọdún mọ́kànlá. Ibi tí onígbàjámọ̀ kà dé nìyí tí ohùn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀. Nítorí náà, kò sí ìdí kankan láti kọ́ ṣọ́ọ̀bù; ilé mẹ́rìndínlógún náà yóò lọ bí wọ́n ṣe ṣètò rẹ̀. Láti òní lọ, ọ́fíìsì fún ilé kẹrìnlá ní àṣẹ pàtàkì láti máa gẹrun, níwọ̀n ìgbà tí àdúgbò bá ṣì wà. Wọn kò gbọdọ̀ lo pálọ̀ náà fún ohun mìíràn.

Bàbá Ó-Kù-Díẹ̀ ká lẹ́tà náà, ó tún ká a, títí ó fi kéré bí èékánná. Tíṣà ní ká sòótọ́, ó kéré tán, òfin ò lè mú un mọ́.

Ìyàwó náà bọ́ bàtà rẹ̀. Ó rìn dé ìdí àga onírin, ó sì sọ fún tíṣà pé kó dìde. Tíṣà dìde pẹ̀lú aṣọ lọ́rùn. Obìnrin náà jókòó, ó yí àga náà kúrò níwájú dígí, ó kọjú rẹ̀ sí fèrèsé, ó na ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì síwájú. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún mọ́kànlá, ó jókòó nínú pálọ̀ rẹ̀. Láti ibẹ̀, ó lè rí ìkóríta, níbi tí àwọn òṣìṣẹ́ ti ń ro koríko.

Wọ́n dúró. Wọ́n dúró títí. Nígbà tó yá, tíṣà fọwọ́ kan apá orí rẹ̀ tí irun ṣì wà, ó rọra béèrè bóyá ìyá á tó dìde.

"Ó kù díẹ̀," ni obìnrin náà wí, ó sì pa ojú dé.