Ààwẹ̀ Ìyá Páílọ́ọ̀tì

Ìyá mi ò wọ bàálù rí láyé ẹ̀, ṣùgbọ́n bàálù ò jẹ́ kó sùn. Dòdò ló ń dín tà létí títì ní Ìkirè. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ni páílọ́ọ̀tì.

Lọ́dún kan ni irú bàálù tí bọ̀dá mi ń wà já lulẹ̀ nílùú òkèèrè kan. Rédíò ló sọ fún wa. Wọ́n ní kọ̀ǹpútà inú ẹ̀ ń tẹ imú bàálù wálẹ̀, àwọn páílọ́ọ̀tì ń fà á sókè, wọn ò mọ̀ pé kọ̀ǹpútà náà ni wọ́n ń bá jà. Gbogbo èèyàn inú ẹ̀ ló kú. Ìyá mi pa rédíò.

Wọ́n dá gbogbo irú bàálù bẹ́ẹ̀ dúró. Wọ́n kó bọ̀dá mi àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ lọ sókè òkun, wọ́n ń kọ́ wọn nínú yàrá kan tí wọ́n ṣe bí iwájú bàálù, àmọ́ tí kì í kúrò nílẹ̀. Wọ́n á mọ̀ọ́mọ̀ bà á jẹ́ mọ́ wọn lọ́wọ́, kí wọ́n lè mọ bí wọ́n ṣe máa yọ ara wọn. Nígbà tó dé, ó jókòó ti ìyá mi nídìí àgbada, inú ẹ̀ ń dùn.

"Màmá, wọ́n ti tún kọ̀ǹpútà yẹn ṣe. Tí mo bá ti di ọ̀pá ìdarí mú báyìí, ó gbọ́dọ̀ jọ̀wọ́ ẹ̀ fún mi ni."

"Ta ló tún un ṣe?"

"Àwọn tó ṣe é náà ni."

"Háà! Àwọn tó kọ́kọ́ ṣe é tó pààyàn?" Ìyá mi yí dòdò pa dà nínú epo. "Ó dáa. Máa sọ ọjọ́ tóo bá fẹ́ fò fún mi."

Láti ìgbà náà, gbogbo ọjọ́ tí bọ̀dá mi bá ń fò, ìyá mi á gbààwẹ̀. Á jẹ sààrì, á dín dòdò látàárọ̀ láì tọ́ ọ wò, á ṣínu tí oòrùn bá wọ̀. Àfáà àdúgbò bẹ̀ ẹ́ títí, pé Ọlọ́hun ò fẹ́ ìnira fún ẹrú Ẹ̀.

Ó ní, "Àfáà, ṣé ọmọ yín ló wà lókè?"

Àfáà bá tiẹ̀ lọ.

Inú bẹ̀rẹ̀ sí í run ún. Dókítà ní ọgbẹ́ inú ni, kó má gbààwẹ̀ mọ́. Ṣé ìyá mi lẹ ń sọ yẹn fún? Bọ̀dá mi bá dá ọgbọ́n kan: kò sọ ọjọ́ tó ń fò fún un mọ́. Lójú tiẹ̀, tí kò bá mọ ọjọ́, kò ní í rí ohun tó máa gbààwẹ̀ lé lórí.

Àpòmù ni mo lọ́kọ sí. Mo gbé mọ́ínmọ́ín wá fún un lọ́jọ́ kan, ó ní òun ń gbààwẹ̀. Mo tún wá lọ́jọ́ mìíràn, ọ̀rọ̀ kan náà. Ọrùn ẹ̀ ti gbẹ, aṣọ ń yọ̀ léjìká ẹ̀.

"Ṣé bọ̀dá ń fò lónìí ni?"

"Ṣé mo mọ̀ ni? Kò sọ fún mi mọ́. Ojoojúmọ́ ni mo ń gbà á, kí ọjọ́ náà má bàa bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́."

Mo pariwo mọ́ ọn, mo sunkún, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ da àgbada nù. Inú ń bí mi sí i, inú ń bí mi sí bọ̀dá mi tó rò pé òun gbọ́n. Ìyá mi ní kí n máa lọ sílé ọkọ mi.

Kò pẹ́ sígbà náà, ó bi ẹ̀jẹ̀ nídìí àgbada. A gbé e gba Aṣéjìré lọ sí ọsibítù n'Íbàdàn. Láti pápá bàálù ni bọ̀dá mi ti wá tààrà, kò tíì bọ́ aṣọ iṣẹ́.

Ìyá mi lajú. "Ṣé o ti balẹ̀?"

"Mo ti balẹ̀, Màmá."

"Álíhámúdù lílá. Ẹ fún mi lómi, kí n ṣínu."

Ọ̀sán gangan ni. Kò bèèrè bóyá oòrùn ti wọ̀. Bọ̀dá mi gbé ife sí i lẹ́nu, omi náà sì ṣàn gba ẹ̀gbẹ́ ẹnu ẹ̀ sórí ìrọ̀rí. Ìyá mi ti lọ.