Òfì Tí Wọ́n Fi Okùn Yí Ká

Gbogbo ẹni tó wá kí mi "Okun o" láti ìgbà tí mo ti dé ló ń bi mí bí ìlú òyìnbó ṣe rí. Ẹni tó bá ń retí pé kí n yìn ín, kó yáa máa lọ sílé.

Oṣù méjì ni mo lò lọ́dọ̀ ọmọbìnrin mi àbíkẹ́yìn, ní apá ilẹ̀ Faransé tí wọ́n ń pè ní Bretáànì. Ìlú àtijọ́ ni ìlú tó ń gbé, wọ́n ní. Mo rí àtijọ́ náà. Ilé onígi ló kún ibẹ̀, gbogbo ẹ̀ fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ọ̀mùtí tó ń ti ibi ìsìnkú bọ̀. Ní Kàbbà tiwa níbí, bí ilé bá fì báyìí, àdúgbò á ní kí onílé má sùn níbẹ̀ mọ́. Tiwọn, fọ́tò ni wọ́n ń yà á. Àlejò á ti ọ̀nà jíjìn wá, á gbójú sókè, á lanu. Kò sí eṣinṣin níbẹ̀, bóyá ìyẹn ló jẹ́ kí wọ́n lè lanu pẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

Oúnjẹ wọn ńkọ́? Àkàrà pẹlẹbẹ kan, dúdú, fẹ́lẹ́ bí etí eku, tí wọ́n fi ká ẹyin. Mo jẹ mẹ́ta tán, mo bi ọmọ mi pé oúnjẹ gan-an dà.

Kì í ṣe ìran ni mo lọ wò. Iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ ọmọ yìí. Ó ti ṣèlérí fún mi pé bí òun ò bá rí òmíràn kí n tó padà, àwa méjèèjì la jọ ń bọ̀ wálé. Ọdún mọ́kànlá ni mi ò ti rí i. Mo ń gbàdúrà láàárọ̀ lálẹ́ kí ẹnikẹ́ni má gbà á síṣẹ́. Ìwọ tí ò ń bá mi kọ ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀, má rẹ́rìn-ín. Kọ ọ́.

Aṣọ ló sọ ìlú náà dolówó láyé àtijọ́, aṣọ tí ọkọ̀ ojú omi fi ń gba atẹ́gùn. Wọ́n wá sọ ilé ahunṣọ kan di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, wọ́n fi okùn pupa yí òfì ká. Haba! Òfì ọ̀hún jẹ wọ́n ní kí ni? Wọ́n ń wá ẹni tí yóò máa ṣàlàyé fún àlejò, tí yóò sì máa hun díẹ̀ kí wọ́n rí i. Ọmọ mi ní òun á ṣe é. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi kọ́ ọ.

Òfì tó dúró mọ́ ògiri ni èmi fi tọ́ ọmọ márùn-ún. Nígbà tí àbíkẹ́yìn yìí wà ní kékeré, bí mo bá pè é sídìí ẹ̀, á ní, "Iye, òfì ò sí nínú ìdánwò." Ó wá rìn dé òpin ayé, òfì ni wọ́n fi dán an wò.

Mo tẹ̀ lé e lọ lọ́jọ́ ìdánwò náà. Ọ̀gá wọn, obìnrin gbọọrọ kan, jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹ̀lú ìwé àti bírò. Àlejò tó mẹ́wàá. Ọmọ mi ń sọ Faransé bí omi. Ó bọ́ sídìí òfì, ó ń fi igi lu òwú jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń ti ilẹ̀kùn yàrá aláìsàn. Kò pẹ́, òwú gígùn méjì já.

Faransé tán lẹ́nu ẹ̀. Ọ̀gá gbé bírò. Mo ní nínú ara mi pé ó ti parí, ó di Kàbbà. Kí n ṣáà ti dákẹ́ ni.

Ṣùgbọ́n òwú tó já lórí òfì dà bí ọmọ tó ṣubú níwájú ẹni. A kì í kọ́kọ́ béèrè ọmọ ta ni. Ẹnu mi ti là kí n tó mọ̀.

"Kí lò ń wò bí àgùntàn? Má fà á! Dẹ̀ ẹ́ díẹ̀."

"Iye, ẹ jọ̀ọ́, wọ́n ń wò wá."

"Ṣebí ìran ni wọ́n wá wò. Mú òwú mìíràn, fi itọ́ sí i."

"Itọ́ kẹ̀? Níbí?"

"Ṣé wọn ò nítọ́ ní Faransé ni?"

Ó tutọ́ sí i. Ó ta kókó, kókó yọ̀. Mo gba abẹ́ okùn pupa wọlé, orúnkún mi ń ké, òṣìṣẹ́ kan ń pariwo lẹ́yìn mi. Mo gbá ìka ọmọ mi mú, mo fi ìka ẹ̀ ta kókó méjèèjì. Ó hun. Aṣọ jókòó.

Àwọn àlejò pàtẹ́wọ́. Wọ́n rò pé ara eré ni. Ọ̀gá sọ̀rọ̀ kan, mo bi ọmọ mi pé èébú wo nìyẹn.

"Ó ní ṣé ẹ lè tún un ṣe? Àwọn tó wà lẹ́yìn ò rí i."

Wèrè pọ̀ láyé.

Wọ́n gba ọmọ mi síṣẹ́ kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Lọ́jọ́ tí mò ń di ẹrù mi, ẹrù ẹnì kan péré, ó wá jókòó tì mí, ó ń sunkún.

"Iye, ẹ̀yin lẹ fún mi níṣẹ́ yìí."

Mo ní kó má bú mi.