Ọ̀sán Tí Bàbá Kúùkù Gbé Oúnjẹ fún Mi

Nígbà tí mo parí iṣẹ́ àgùnbánirọ̀ mi ní Port Harcourt, ilé iṣẹ́ tí mo ti sìn ní kí n má lọ mọ́. Ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980 ni. Àwọn òyìnbó ló ni ilé iṣẹ́ náà, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wa epo ni à ń tún ṣe níbẹ̀. Ìyá mi dúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Bàbá mi ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá yà kí i pé ọmọ òun ti di ọ̀gá ní ilé iṣẹ́ epo. Inú èmi náà dùn, mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé inú mi kò dùn. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó bi mí pé ta ni mo ń bá sọ̀rọ̀.

Àwọn ẹgbẹ́ mi tí a jọ sìn ti kó ẹrù wọn, wọ́n ti wọ mọ́tò ní Rumuokoro lọ sílé. Mo sìn wọ́n débẹ̀, mo juwọ́ sí wọn, mo sì padà sí yàrá kan ṣoṣo tí mo gbà ní Elekahia. Àwọn tí a jọ ń gbélé yá mọ́ èèyàn. Wọ́n á kí mi láàárọ̀ pé, "Kópà, how body?" bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo ti bọ́ aṣọ kópà sílẹ̀. Mo ń dá wọn lóhùn, Pijin mi kò burú. Àmọ́ ẹ̀fẹ̀ mi kì í jáde nínú Pijin. Kí n tó tò ó lórí tán, ọ̀rọ̀ á ti kọjá síbòmíràn. Nígbà tó yá, mo kúkú ń dákẹ́. Wọ́n rò pé ìgbéraga ni. Mi ò gbéra ga rárá. Ẹ̀rù ló ń bà mí, mi ò sì lè sọ pàtó ohun tó ń bà mí lẹ́rù.

Òyìnbó kan wà níbi iṣẹ́ tí a jọ bẹ̀rẹ̀ lóṣù kan náà. Ẹgbẹ́ ni wá, ohun kan náà la kà ní yunifásítì. Wọ́n fún un ní ilé tó ní ọgbà, wọ́n fún un ní mọ́tò, dírẹ́bà àti ẹni tí yóò máa fọṣọ fún un. Èmi ń wọ bọ́ọ̀sì. Kì í ṣe ènìyàn burúkú. Tí òjò bá ń rọ̀, ó máa ń dúró gbé mi. Ìyẹn gan-an ló ń dùn mí jù. Ká ní ó burú ni, ǹ bá kórìíra rẹ̀, ọkàn mi ì bá sì balẹ̀. Bí mo bá jókòó sínú mọ́tò rẹ̀ tó tutù, tí mo ń wo àwọn tí òjò ń pa lójú títì, mi ò mọ ọ̀dọ̀ ta ni mo wà nínú àwọn méjèèjì.

Inú ọ̀nà tóóró ilé iṣẹ́ wa ni mo ti pàdé Bàbá Kúùkù. Òun ló ń se oúnjẹ fún ọ̀gá wa àgbà, òun náà ló sì ń gbé oúnjẹ ọ̀sán wá fún un. Lọ́jọ́ náà, akọ̀wé kan sáré kọjá, ó fi èjìká gbá a, kúlà ọwọ́ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́. Bàbá rẹ́rìn-ín sí i, ó ní, "Sorry, my brother." Lẹ́yìn náà ló wá fi ohùn kan náà, ẹ̀rín kan náà, sọ ní Yorùbá pé, "Bí ẹṣin tó já. Orí ẹ ti dàrú."

Mo bú sẹ́rìn-ín. Ó yíjú padà wìrì.

"Ìwọ yìí, o gbọ́ ohun tí mo sọ?"

"Mo gbọ́, sà."

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja, táì mi fẹ̀ sílẹ̀. Ó fọwọ́ kàn mí lẹ́yìn.

"Dìde, dìde. Ilẹ̀ ibí yìí ò mọ́. Ọmọ ibo ni ọ́?"

Ìlú rẹ̀ àti tèmi pààlà. Ojú mi kún fún omi níbẹ̀, mo ní kòkòrò ló kó sí mi lójú.

Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ti ti ṣọ́ọ̀ṣì dé lọ́jọ́ Ìsinmi, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo ń lọ, ní bọ́ìsìkọ́tà, àwọn yàrá àwọn òṣìṣẹ́ tó wà lẹ́yìn ilé ọ̀gá wa. Ìyàwó àti àwọn ọmọ rẹ̀ wà nílé, òun nìkan ló ń gbébẹ̀. Màá bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì mi, màá fẹ́ná, màá ṣa ìṣáwùrú tó fẹ́ fi se ọbẹ̀. Bí èéfín bá fẹ́ pa mí, á máa bú mi.

"Ẹnjiníà tí kò lè dáná! Ta ló fún ọ ní dìgírì, alábòsí yìí?"

Gádínà ilé náà, ọkùnrin Ikwerre kan tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́, á yọjú láti yàrá kejì. "Baba, na your houseboy be dis?"

"Houseboy kẹ̀? Na my landlord. E come collect rent."

Gbogbo wa á rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà, èmi àti Bàbá á jọ jẹ ẹ̀bà nínú abọ́ kan, á máa ti ẹran sí ọ̀dọ̀ mi, á máa ṣe bí ẹni pé òun kò ṣe nǹkan kan. Mo fẹ́ sọ èyí kedere: ibẹ̀ nìkan ni mo ti jẹ́ ọmọ ẹnì kan ní gbogbo ìlú yẹn. Bí kì í bá ṣe ti ibẹ̀, ǹ bá ti fi iṣẹ́ sílẹ̀. Mo máa ń rò ó pé bí ohunkóhun bá ba ibẹ̀ jẹ́, kò sí ibòmíràn tí mo lè lọ.

Ìdí nìyẹn tí ara mi kò fi balẹ̀ nígbà tí ọ̀gá wa pè mí wá jẹun ọ̀sán Sátidé nílé rẹ̀. Ó ní òun fẹ́ mọ àwọn ọ̀dọ́ tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ òun. Òyìnbó ẹgbẹ́ mi ń bọ̀, àti tọkọtaya kan tó fẹ́ padà sí ìlú wọn. Àwọn ará ọ́fíìsì ń bọ̀ mí lọ́wọ́ bí ẹni tó fẹ́ gbéyàwó. Wọ́n rò pé fọ́ọ̀kì àti ọ̀bẹ ló ń dẹ́rù bà mí. Bàbá ni mo ń rò. Nílé wa, bí ọmọ bá rí àgbà pẹ̀lú ẹrù lọ́wọ́, á sáré lọ gbà á. Kì í ṣe ohun tí ọmọ ń jókòó rò kó tó ṣe é. Báwo ni àgbàlagbà tó tó bàbá mi á ṣe bẹ̀rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, kó máa gbé àwo síwájú mi, kí n máa wò ó?

Mo sọ ọ́ fún un lọ́jọ́ Ìsinmi tó ṣáájú. Ó dá ọwọ́ dúró lórí iṣu tó ń bẹ.

"Masta pè ọ́? Ìwọ? Sí tábìlì?"

"Wọ́n ní kí n wá ní Sátidé, sà. Bàbá, báwo ni mo ṣe máa jókòó kí ẹ máa gbé oúnjẹ fún mi?"

"Ìdí rẹ ni wàá fi jókòó. Àbí o ní òmíràn?"

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. Lẹ́yìn náà ló bi mí bóyá mo lè jẹ ọ̀dùnkún tí wọ́n lọ̀ pọ̀ mọ́ mílíìkì. Mo ní mo lè jẹ ẹ́. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti tán.

Nígbà tó di Sátidé, mo wọ kóòtù tí mo fi gboyè jáde. Ìyàwó ọ̀gá bọ̀ mí lọ́wọ́, ó fi mí sí àárín òun àti òyìnbó ẹgbẹ́ mi. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni obìnrin náà. Ó bi mí nípa ìyá mi, ó sì dúró gbọ́ èsì. Ara mi ti fẹ́ máa rọ̀. Ó wá gbé agogo kékeré kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo rẹ̀, ó mì ín.

Bàbá wọlé. Mi ò rí i nínú aṣọ yẹn rí: aṣọ funfun báláú, bọ́tìnnì idẹ títí dé ọrùn. Ó gbé tíréè tó wúwo, àwo ọbẹ̀ ńlá wà lórí rẹ̀. Kí n tó mọ̀, mo ti dìde, mo ti tẹ eékún, mo ti di tíréè náà mú lọ́wọ́ méjèèjì.

Kò fi í sílẹ̀. Mo fà á. Òun náà fà á. Ọbẹ̀ dà sórí aṣọ tábìlì.

"Jókòó," ni ó wí láàárín eyín. "Mo ní kí o jókòó. Má dójú tì mí."

Mo jókòó. Ìyàwó ọ̀gá bèèrè ohun tí kúùkù sọ fún mi. Mo ní ó kìlọ̀ fún mi pé àwo gbóná. Ọ̀gá wa rẹ́rìn-ín, ó sọ fún àwọn àlejò rẹ̀ pé, ẹ wò ó, ọmọ tó ní ìrẹ̀lẹ̀. Ó fẹ́ fi tù mí nínú ni. Ṣùgbọ́n ojú ń tì mí gidigidi, nítorí mo mọ̀ pé ká ní òyìnbó ẹgbẹ́ mi ló gba tíréè ni, inú rere ni wọn ì bá pè é. Tèmi ni wọ́n pè ní ìrẹ̀lẹ̀. Ẹ̀kọ́ ilé lásán sì ni.

Bàbá nu tábìlì, ó bu ọbẹ̀ fún gbogbo wa. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ mi, ó dúró pẹ́ ju bó ṣe dúró lọ́dọ̀ àwọn yòókù lọ. Itan adìyẹ tó tóbi jù, àwo mi ló bọ́ sí. Kò wò mí lójú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Nígbà tí wọ́n lọ mu kọfí ní fàràndà, mo yọ́ wọ ilé ìdáná lọ bẹ̀ ẹ́. Mo ti ń dọ̀bálẹ̀ nígbà tó fi ìbínú fa kóòtù mi.

"Má tún ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́! Ṣé o fẹ́ kí wọ́n rí ọ ni?"

"Ta ni, sà?"

Ó fi àgbọ̀n tọ́ka sí fèrèsé. Gádínà, gétìmáànù àti kúùkù ilé kejì wà nínú ọgbà, wọ́n ń ṣe bí ẹni tó ń tún òdòdó ṣe.

"Èmi ni mo pè wọ́n," ni Bàbá wí. "Mo ní kí wọ́n wá wo ọmọ wa nídìí tábìlì. Ṣé o mọ ìgbà tí mo ti ń gbé àwo wọ yàrá yẹn, láti ayé ọ̀gá tó ṣáájú? Èèyàn dúdú tí mo rí níbẹ̀ kò ju òjìji èmi fúnra mi lọ, nínú gíláàsì kọ́bọ́ọ̀dù. Ọlọ́run wá mú ọ̀kan jókòó, ìyẹn tún fẹ́ gba tíréè lọ́wọ́ mi! Ṣé o mọ ohun tí wọ́n á sọ? 'You see? With all him book, na tray e still wan carry.'"

"Mo rò pé ìyà ń jẹ yín ni, sà."

"Ìyà? Lónìí?" Ó wò mí bí ẹni tí ọ̀rọ̀ mi kò yé. "Mo ti ń múra ọ̀sán yìí láti ọjọ́ Ìsinmi."

Gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn, ara mi ni mo ń rò: bó ṣe máa rí lára mi, bí mo ṣe máa wo ojú rẹ̀. Kò wá sí mi lọ́kàn rárá pé ohun kan wà tí òun náà fẹ́ gbà nínú jíjókòó mi.

Lọ́jọ́ kejì, mi ò dúró kí ṣọ́ọ̀ṣì parí. Mo fẹ́ kí nǹkan padà sí bó ṣe wà, mo sì rò pé bí mo bá yá dé, á rí bẹ́ẹ̀. Mo bá Bàbá nínú ṣẹ́ẹ̀tì tí wọ́n lọ̀, lọ́jọ́ Ìsinmi tí kì í wọ̀ ju síńgílẹ́ẹ̀tì lọ. Ó dìde dúró nígbà tó rí mi.

"Káàbọ̀ o, ọ̀gá Ẹnjiníà."

"Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ẹ má pè mí bẹ́ẹ̀."

Mo nawọ́ sí abẹ̀bẹ̀ láti fẹ́ná. Ó gbà á lọ́wọ́ mi jẹ́jẹ́. Ó gbé àga kan jáde, ó fi aṣọ nù ún, ó ní kí n jókòó sábẹ́ òjìji. Gádínà dé. Kò bá mi ṣẹ̀fẹ̀, kò pè mí ní houseboy. Ó bọ́ fìlà. "Good afternoon, sah." Gétìmáànù náà wá kí mi. Bàbá dúró lẹ́yìn àga mi.

"Na my pikin be dis," ni ó ń sọ fún wọn, bí ẹni pé wọn kò rí mi rí. "From my place. Una see am yesterday? Madam siddon here, e siddon here."

Mo wo ojú rẹ̀. Mi ò rí i kí inú rẹ̀ dùn tó bẹ́ẹ̀ rí. Mo mọ̀ pé bí mo bá bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì mi báyìí, tí mo lọ jókòó sílẹ̀ sídìí ìṣáwùrú, á ṣeé ṣe kí n rí ibùjókòó mi gbà padà. Mo sì mọ ohun tí màá fi rà á: ìdùnnú ojú rẹ̀ yẹn. Mo ronú sí i, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí gbọ́, mo ronú sí i gan-an, nítorí mi ò ní ibòmíràn. Lẹ́yìn náà mo fẹ̀yìn ti àga, mo gbé ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀, mo sì bi gádínà ní Gẹ̀ẹ́sì pé ṣé àlàáfíà ni ìdílé rẹ̀ wà.

Bàbá gbé oúnjẹ wá, abọ́ kan ṣoṣo, ṣíbí kan ṣoṣo. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ ká jọ jẹ ẹ́. Ó ní òun á jẹun tó bá yá. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo bí mo ṣe ń jẹ.

"Ṣé iyọ̀ rẹ̀ tó?"

"Ó tó, Bàbá. Ó dùn."

Ó yíjú sí gádínà.

"E say e sweet am," ni ó wí.