Olódo Pálọ̀

Ìyá mi kì í yin ọmọ lójú àlejò. Bí ẹ bá wọ ilé wa ní Ìjẹ̀bú-Òde lónìí, tí ẹ ní ọmọbìnrin mi ti dàgbà, wọ́n á ní gígùn lásán ni. Bí ẹ bá ní ó gbọ́n, wọ́n á ní, "Èwo ni ọgbọ́n níbẹ̀? Olódo paraku ni." Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á gbé omi fún yín. Àlejò náà á rẹ́rìn-ín, nítorí ohun kan náà lòun ń sọ nípa ọmọ tirẹ̀ nílé. Kò sẹ́ni tó máa ń gba ọ̀rọ̀ yìí gbọ́, àfi àwọn ọmọ.

Mo mọ ìdí rẹ̀. Àwọn ọmọ tí ìyá mi bí ṣáájú mi ò dúró. Bí ìyá mi bá ń sọ̀rọ̀ wọn, ẹwà wọn ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ mẹ́nu bà, bí ẹni pé ẹwà ọ̀hún ló pa wọ́n. Nígbà tí èmi wá dúró, wọ́n fi èébú bò mí bí ẹni fi apẹ̀rẹ̀ bo òròmọdìyẹ kí àṣá má bàa rí i. Àwa la máa ń pòwe pé bí onígbá bá ṣe pe igbá rẹ̀ la ṣe ń bá a pè é. Àwa kan náà la sì ń pe igbá wa ní pàǹtí, kí olè má bàa gbé e lọ.

Èmi gba orúkọ náà gbọ́. Níléèwé tí mo ti ń ṣiṣẹ́ olùkọ́ lọ́nà Ijagun, ọ̀gá wa bi mí nígbà kan bóyá mo lè máa darí ẹ̀ka wa. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, mo kàn ń gbìyànjú ni." Mo rò pé wọ́n á tún bi mí lẹ́ẹ̀kan sí i, kí n wá gbà. Wọn ò bi mí mọ́. Ẹni tí wọ́n fún nípò náà ṣì máa ń wá bi mí bí wọ́n ṣe ń ṣe iṣẹ́ ọ̀hún, ó sì máa ń dùn mí, n ò ní purọ́.

Ọmọ mi ti pé ọdún mẹ́sàn-án. Ní ìrọ̀lẹ́, ó máa ń ka Bíbélì fún ìyá mi nínú yàrá wọn, nítorí ojú wọn ò ríran dáadáa mọ́. Gbogbo orúkọ àwọn ọba Ísírẹ́lì, kì í kọsẹ̀ níbẹ̀. Ìyá mi á máa fi oríkì kì í, wọ́n á yọ orí ẹja fún un. Ìdí nìyí tó fi yà mí lẹ́nu nígbà tí olùkọ́ àwọn ọmọdé ní ṣọ́ọ̀ṣì wá bá mi. Ó ní òun yan ọmọ náà láti ka Bíbélì ní ìsìn àwọn ọmọdé, àmọ́ ọmọ náà ní òun ò mọ̀wé kà, kí wọ́n lọ bi Màmá òun àgbà. Olùkọ́ náà ní bí kò bá gbà, òun á fi ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀.

Mo bi ọmọ náà nílé.

"Mọ́mì, nínú yàrá ni mo ti mọ̀wé," ó ní. "Tí a bá ti dé pálọ̀, olódo ni mí."

Kò sunkún. Ó sọ ọ́ bí ẹni ń júwe ilé. Ẹ̀rù bà mí, nítorí èmi náà ò sunkún nígbà tèmi.

Mo bá ìyá mi ní kíṣìnnì, níbi tí wọ́n ti ń rin ewùrà fún ìkọ́kọrẹ́.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pe ọmọ yìí lólódo mọ́."

"Ṣé kí n wá máa fi í ṣe fáàrí kiri ni? O mọ ojú tí ayé fi ń wo ọmọ ọlọ́mọ?"

"Ó ti gbà yín gbọ́, mà."

"Ìwọ ńkọ́? Bí mo ṣe pe ìwọ náà nìyẹn, o ò kú."

"Mi ò kú lóòótọ́," mo ní. "Àmọ́ mo ṣì gbà yín gbọ́ títí di òní."

Wọ́n dáwọ́ dúró, wọ́n wò mí. Lẹ́yìn náà, wọ́n ń rin ewùrà wọn lọ. Ìkọ́kọrẹ́ náà dùn, ìyẹn gan-an tún bí mi nínú.

Láti ọjọ́ kejì, mo ní kí ọmọ náà máa kàwé ní pálọ̀, èmi ni mo ń gbọ́. Lákọ̀ọ́kọ́, ohùn rẹ̀ ò jáde. Ìyá mi jókòó sí yàrá wọn, wọ́n ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀. Nígbà tó ṣe, wọ́n gbé àga wọn bọ́ sí pálọ̀. Aládùúgbò kan wọlé wá tọrọ iyọ̀, wọ́n ní, "Jókòó ná, ọmọ ń kàwé." Wọn ò pè é lólódo, wọn ò sì yìn ín.

Ọmọ náà gbà, ó kàwé ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ohùn rẹ̀ gbọ̀n díẹ̀, ó wá dúró. Lẹ́yìn ìsìn, àwọn ìyá kan yí wa ká níta. "Màmá, ọmọ yín mà mọ̀wé o."

Mo di báàgì mi mú. Ìyá mi wo ọ̀tún, wọ́n wo òsì, bí ẹni tó fẹ́ sọdá títì.

"Ó mọ̀wé," wọ́n ní. "Ọlọ́run á dá a sí fún wa. Ìyá rẹ̀ náà mọ̀wé. Láti kékeré ló ti mọ̀ ọ́n."

Mo ti lé lógójì ọdún. Mo yíjú wẹ̀yìn, mo ń wá ẹni tí wọ́n ń sọ. Ọmọ mi fà mí láṣọ.

"Mọ́mì," ó ní, "ẹ̀yin ni."